Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ìkànnì Yín Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń ka iṣẹ́ wa pè mí láti Kano. Kò tíì kí mi tán tó fi bèèrè pé, "Àǹtí, ṣé tẹ́tẹ́ lẹ wá ń ta báyìí ni?" Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré. Ó ní kí n ṣí ìkànnì wa wò. Inú ọkọ̀ ni mo wà, láti Nyanya sí Garki, mo sì ṣí i lórí fóònù mi níbẹ̀. Àdírẹ́sì náà tọ̀nà, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n àwòrán bọ́ọ̀lù ni mo rí níbẹ̀, àti ti owó dọ́là, àti bọ́tìnnì pupa kan tó ń pè mí pé kí n wá fi owó mi dán oríire wò.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìkànnì náà kò ti ṣí dáadáa. A ń sọ láàárín ara wa pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí ní orílẹ̀-èdè yìí: tí nǹkan kò bá ṣí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì la máa ń bá wí. Kò sí ẹni tó béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wa, èmi pàápàá kò béèrè.

Ọdún 2016 ni àwa márùn-ún kan bẹ̀rẹ̀ ìkànnì yìí ní Abuja. Olùkọ́ ni mí, mi ò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà rárá. Yorùbá méjì ni wá, Hausa méjì, Igbo kan. Ohun tí a fẹ́ ṣe kò le: kí a lọ bá àwọn àgbà tó ti pẹ́ nílùú onílùú, kí a gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ ní èdè wọn. Yorùbá tó dàgbà sí Jos, Igbo tó dàgbà sí Kaduna, Hausa tó dàgbà sí Èkó. A ó gba ohùn wọn sórí fóònù, a ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, a ó sì gbé ohùn àti ọ̀rọ̀ papọ̀ sójú ewé kan. Kí ọdún 2022 tó dé, a ti ní ojú ewé ogóje.

Ìyá mi wà lára wọn. Jos ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ará Ogbómọ̀ṣọ́ tó gòkè lọ sí Jos nígbà òyìnbó láti lọ ṣòwò. Ní 2018, ọ̀kan nínú wa, ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì nígbà náà, lọ bá Màámi sọ̀rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀. Inú ilé ìdáná ni mo wà, mò ń ro àmàlà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo sì bá tèmi lọ. Ta ló máa ń há ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sórí nígbà tí ìyá náà ṣì wà láàyè? Màámi kú ní 2020.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí bọ́tìnnì pupa yẹn, ọ̀rọ̀ ìkànnì kọ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ohùn ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe pàdánù orúkọ náà, nítorí pé bí ọ̀pọ̀ ṣe ń pàdánù tiwọn náà nìyẹn. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló bá wa kọ́ ìkànnì náà. Ọmọ dáadáa ni, kò gba ju owó dátà lọ lọ́wọ́ wa. Ímeèlì tirẹ̀ ló fi ra orúkọ ìkànnì, ímeèlì yẹn náà ló fi gba ààyè lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó gba ìkànnì náà sílé. Kò ní èrò burúkú kankan lọ́kàn. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ yá ni. Ní 2020, ó rí iṣẹ́ sí Jámánì, ó sì lọ. A ṣe àdúrà fún un, a ya fọ́tò, a sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rántí béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Káàdì báńkì tèmi ni wọ́n ń yọ owó ọdọọdún nínú rẹ̀, ní dọ́là. Ní 2022, àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye dọ́là tí a lè fi káàdì náírà ná kù. Àwọn kan dín in kù sí 20 dọ́là lóṣù, àwọn mìíràn dá a dúró pátápátá. Báńkì tèmi kọ̀ láti san owó náà, wọ́n sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé ìsanwó kan kò yọrí. Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Mo rò pé àwọn oníjìbìtì ni, mo pa á rẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ta orúkọ fún wa náà kọ lẹ́tà ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n ímeèlì ọmọkùnrin yìí ni lẹ́tà wọn ń lọ. Nígbà tí mo pè é ní Jámánì, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Orí laìnì Nàìjíríà mi ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí ímeèlì yẹn máa ń wọlé sí, laìnì yẹn sì ti kú ó pẹ́."

Orúkọ ìkànnì kì í ṣe ohun tí a ń rà pa. A ń yá a ni, bí ẹni gba ṣọ́ọ̀bù, a sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ nígbà tó bá yẹ. Fún orúkọ tó parí sí .com, tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé tí a kò san owó, ilé-iṣẹ́ tó tà á lè fún wa láyè tó lè tó ọjọ́ 45. Lẹ́yìn náà, ọgbọ̀n ọjọ́ wà tí a fi lè rà á padà pẹ̀lú owó ìtanràn. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ márùn-ún péré, ó di ọjà gbogbo ayé. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa ṣọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ènìyàn ti mọ ọ̀nà ibẹ̀, wọn a rà á, wọn a sì fi tẹ́tẹ́ sí i. Gbogbo àkókò ìyọ̀ǹda yẹn ni àwa fi ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ààyè tí ìkànnì wà náà ti parí, ilé-iṣẹ́ náà sì ti nu gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ara mi kọ́kọ́ balẹ̀ díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé a ní ẹ̀dà. Ọmọkùnrin yìí ti ṣètò rẹ̀ kó tó lọ pé kí ìkànnì náà máa fi ẹ̀dà ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Mo máa ń rí i. Mo tilẹ̀ máa ń fi yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé àwa ò dà bí àwọn mìíràn o, àwa ní ẹ̀dà. Ṣùgbọ́n láti 2017 tó ti ń wọlé, mi ò ṣí ọ̀kan rí.

A ra orúkọ tuntun, a gba ààyè tuntun, a sì ní kí ẹnì kan tó mọṣẹ́ da ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn padà síbẹ̀. Iṣẹ́ náà kò gbà ju wákàtí méjì lọ. Ó pè mí, ó ní ó ti yọrí. Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa ara wa wà níbẹ̀ láìsí ìpalára kankan. Mo wá ṣí ti Yorùbá. Ibi gbogbo tí ọ wà, àmì ìbéèrè ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣ. "Ọmọ" ti di "?m?". Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Hausa ṣí tirẹ̀: "ɗaki", tó túmọ̀ sí yàrá, ti di "?aki". Ti Igbo ló burú jù lójú mi: "ụlọ", ilé, ti di "?l?". Àwa mẹ́ta dákẹ́ lórí fóònù.

Nǹkan tó fà á rèé. Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà. Nọ́ńbà ló ń tọ́jú, ó sì ní ìwé tó fi ń mọ nọ́ńbà tó jẹ́ ti lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan wà láti ayé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Latin-1, tí kò ní ju ààyè 256 lọ. Àwọn èdè ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún. Nítorí náà, à wà nínú rẹ̀, é wà, ó wà, torí pé Faransé, Spéènì àti Potogí ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kò sí níbẹ̀, ọ kò sí, ṣ kò sí. Lẹ́tà ɓ, ɗ àti ƙ ti Hausa kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ị àti ụ ti Igbo. Láti 1992 ni Ken Thompson àti Rob Pike ti ṣe ọ̀nà tuntun tó ń jẹ́ UTF-8, tó gba gbogbo èdè ayé. Òun ni ìkànnì wa ń lò. Ṣùgbọ́n plugin tó ń ṣe ẹ̀dà fún wa ń kọ ẹ̀dà náà pẹ̀lú ìwé àtijọ́. Nígbàkúùgbà tó bá pàdé lẹ́tà tí kò mọ̀, á fi àmì ìbéèrè sí i, á sì máa lọ. Lẹ́tà tó bá ti di àmì ìbéèrè lọ́nà báyìí kò ní àtúnṣe mọ́, nítorí kò sí nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ níbì kankan.

Ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi ń tọ́jú àmì ìbéèrè sínú ímeèlì mi.

Ohun kejì wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìkànnì bíi tiwa, tí a fi WordPress kọ́, apá méjì ló ní. Ọ̀rọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní database. Àwòrán àti ohùn wà nínú fódà tó yàtọ̀ pátápátá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ uploads. Database nìkan ni ẹ̀dà tiwa ń kó. Kò kó ohùn ẹnì kankan rí, àní ohùn ẹnì kan ṣoṣo.

A wá ohun tí a lè wá. Ilé ìpamọ́ kan wà ní San Francisco, Internet Archive, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996. Láti 2001 ni wọ́n ti ṣí Wayback Machine fún gbogbo ènìyàn, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwòkọ àwọn ojú ewé káàkiri ayé. A bá 61 nínú ojú ewé wa níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì orí wọn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀rẹ́ mi Hausa bá mọ́kàndínlógún mìíràn nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí pé kò fìgbà kan fọkàn tán ìkànnì, ó máa ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú fáìlì kí ó tó gbé e síta. Ọgọ́ta tó kù, ọwọ́ ni a fi ń tún wọn ṣe, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ojú ewé Màámi wà lára ọgọ́ta yìí.

Èmi ni mo ní kí wọ́n fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún. Iṣẹ́ náà kò le bí mo ṣe rò. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá lè mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àmì ìbéèrè, pàápàá nítorí pé lẹ́tà kan ń di àmì ìbéèrè kan, ohùn tó wà lórí rẹ̀ náà ń di òmíràn. "Síl??" kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju "sílẹ̀" lọ. Mo ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí mo fi dé gbólóhùn kan:

"?k?? kan ni bàbá mi fi síl?? fún mi, mi ò sì rí i lò."

Mo dúró. Ó lè jẹ́ "ọkọ́": bàbá rẹ̀ fi ọkọ́ kan sílẹ̀ fún un, kò sì rí i lò, nítorí pé òwò ló ṣe láyé rẹ̀, kò dáko. Yóò jẹ́ àwàdà, Màámi sì fẹ́ràn àwàdà. Ó sì lè jẹ́ "ọkọ̀". Bàbá wa àgbà ní ọkọ̀ akẹ́rù kan lóòótọ́, tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ jọ rà, tó ń kó ẹrù láti Jos lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ọkọ̀ náà wà títí tó fi bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ni Màámi wí, a jẹ́ pé tirẹ̀ ni, a sì jẹ́ pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bi ọmọbìnrin tó gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, àgbà méjìlá ni mo bá sọ̀rọ̀ lóṣù yẹn. N kò rántí mọ́." Fóònù tó lò ti bọ́ sọ́wọ́ olè ní Wuse láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó ní, "Ọkọ̀ ni. Mo ti ń sọ fún yín tipẹ́." Mo bi àbúrò Màámi obìnrin, ó ní, "Ọkọ́ ni. Bàbá fi ọkọ́ lé gbogbo wa lọ́wọ́. Ṣé kọ̀ǹpútà yín ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa ni?" Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi àti àǹtí wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè parí ọ̀rọ̀ náà ti sọ ọ́ tán, lóhùn ara rẹ̀, sórí ìkànnì tí mo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó rẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tó ń fi èdè wa ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yálà ti ẹgbẹ́ ni, ti ìjọ ni, ti ilé-ẹ̀kọ́ ni, tàbí ti ara yín.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni orúkọ ìkànnì yín lórí ìwé. Ímeèlì ẹgbẹ́ ni kó wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti ẹnì kan, bó ti wù kí ẹni náà ṣe olóòótọ́ tó. Kí ènìyàn méjì ó kéré tán lè ṣí ímeèlì yẹn, kí nọ́ńbà fóònù tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ṣì wà nítòsí. Bí agbára bá wà, ẹ san owó ọdún mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, orúkọ.com ṣeé san dé ọdún mẹ́wàá. Orúkọ .ng, tí NiRA ń bójú tó, ṣeé fi náírà san lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á ní Nàìjíríà. Òun ni àwa rà lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ dọ́là kò sì kàn wá mọ́.

Nípa ẹ̀dà, àwọn tó mọṣẹ́ ní òfin kan tó rọrùn: kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, kó wà lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn. Àwa ní ọ̀kan lórí ìkànnì, ọ̀kan lórí ayélujára, ọ̀kan nínú hard drive tó wà nínú àpótí ní ilé mi. Ibòmíràn tí mo wí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, iná jó ilé ìpamọ́ kan tí ilé-iṣẹ́ OVH ní ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, ó jó o kanlẹ̀. Àwọn tí ìkànnì wọn àti ẹ̀dà wọn jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà pàdánù méjèèjì. Ẹ sì rí i dájú pé database àti fódà uploads ni ẹ̀ ń kó. Ìkan nínú méjèèjì kì í ṣe ẹ̀dà.

Ẹ̀dà tí ẹ kò bá dán wò, ẹ má kà á sí ẹ̀dà. Mo fi ara mi wí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tí àwọn amọṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí, ṣèèṣì pa database wọn rẹ́. Wọ́n sáré lọ wo ẹ̀dà. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ní, wọ́n sì jẹ́wọ́ fún gbogbo ayé pé kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló kó wọn yọ. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí wọn, kí ni ti olùkọ́ ní Nyanya? Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, a máa ń da ẹ̀dà tiwa padà sórí kọ̀ǹpútà kan tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ó sì ṣí i wò. A ní ojú ewé kan tí a kọ nítorí èyí. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju ẹ ọ ṣ, ɓ ɗ ƙ, ị ụ ṅ, pẹ̀lú àwọn àmì ohùn lọ. Bí ojú ewé yẹn bá padà délé ní pípé, ọkàn wa á balẹ̀.

Ẹ bi ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ bóyá utf8mb4 ni database yín ń lò, kí ẹ̀dà náà sì máa lo ohun kan náà. Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń wí, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ tún jẹ́ kí gbogbo òǹkọ̀wé yín máa tẹ lẹ́tà lọ́nà kan náà. Ènìyàn lè tẹ "ọ́" nípa kíkọ ọ kí ó tó fi ohùn sí i, ó sì lè kọ ó kí ó tó fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ojú wa kò ní rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá wá "ọkọ́" lórí ìkànnì yín lè gbọ́ pé kò sí, nígbà tó wà níbẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà wà tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní NFC. Ẹ lò ó.

Àwọn tó kù jẹ́ iṣẹ́ ilé ojoojúmọ́. Bí ẹ̀yà tuntun WordPress tàbí ti plugin bá jáde, ẹ ṣe ẹ̀dà ná, kí ẹ tó gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́ jù. Ara àwọn plugin àtijọ́ ni olè máa ń gbà wọlé. Plugin tí ẹ kò bá lò, ẹ yọ ọ́ dànù. Kì í ṣe gbogbo òǹkọ̀wé ló yẹ kó ní agbára ọ̀gá lórí ìkànnì. Ẹ má fi páásíwọ̀dù ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwòrán tí fóònù yà lè tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Ẹ dín in kù kí ẹ tó gbé e síta, nítorí owó dátà ni òǹkàwé yín fi ń wò ó. Kí ẹ sì ní ìwé kan, ìwé gidi tí a fi bíírò kọ, tí ẹ kọ ohun gbogbo sí: ibi tí a ti ra orúkọ, ọjọ́ tí owó ń pé, ẹni tó ń san án, ibi tí ẹ̀dà wà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ rìnrìn àjò, kí ìwé yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó ń dùn mí. Gbogbo wa la máa ń pé jọ nígbà tí a bá fẹ́ ṣí ìkànnì èdè abínibí. A ó pe àwọn oníròyìn, a ó gé kéèkì, a ó sọ pé èdè wa kò ní kú. Ta ló máa ń wá lọ́jọ́ tí a bá ń tún òrùlé ṣe? Nígbà tí ìkànnì wa ṣubú, Gẹ̀ẹ́sì rìn jáde nínú àlàpà láìfarapa. Èdè tiwa ló fọ́. Ìyẹn ni pé àìbìkítà tí Gẹ̀ẹ́sì lè fara dà, èdè wa kò lè fara dà á. Ẹni tó bá ń fi Yorùbá, Hausa tàbí Igbo kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ṣe ìtọ́jú ju ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lọ, ì báà má dára bẹ́ẹ̀.

Ojú ewé Màámi ti padà sórí ìkànnì tuntun. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe tán, àfi ọ̀rọ̀ kan yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ ọkọ̀, àǹtí wa ní kí n kọ ọkọ́. Mi ò kọ ìkankan. "?k??" náà ló wà níbẹ̀ di òní, mo sì kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé àwa ni a sọ ọ̀rọ̀ náà nù, kì í ṣe òun.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ ṣí ẹ̀dà tiyín wò.